Aago Kan Tí Kò Ní Ọwọ́

Ẹ bá wa fara balẹ̀ ka èyí, torí ó gùn díẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Àwa méjì la jọ kọ ọ́: ẹni tí ẹ mọ̀ sí pásítọ̀ yín, àti àbúrò tó tẹ̀lé e. Níbi tí ẹ bá ti rí "a", àwa méjèèjì ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹnì kan ṣoṣo, a ó pè é ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ máa bá wí. Ẹ ò ní pẹ́ rí i pé ẹ̀gbọ́n ni ìbáwí pọ̀ jù fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ọ́fíìsì pásítọ̀ ti rí aago kan lórí tábìlì níbẹ̀. Olójú yẹ́lò ni. Gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, kò sì ní ọwọ́ kankan lójú. Arábìnrin kan tiẹ̀ ti fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ aláago kí wọ́n bá wa fi ọwọ́ sí i. A dúpẹ́ o, àmọ́ ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi wà bẹ́ẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí.

Tíṣà eré ìdárayá ni bàbá wa, ní Ìbàdàn. Àwọn àgbà inú yín á rántí owó Údójì, nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù tí wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Ẹlòmíì fi ra rédíò, ẹlòmíì fi ra alùpùpù, ẹlòmíì fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Bàbá wa ra aago. Seiko olójú búlúù ni, irú èyí tí Òyìnbó ń pè ní chronograph.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Bọ́tìnnì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tí o bá tẹ ti òkè, ọwọ́ gígùn tín-ín-rín tó wà láàárín á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Tí o bá tún un tẹ̀, á dúró, wàá sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó lọ. Tí o bá wá tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, wàá rí i tí ọwọ́ náà fò padà sórí 12 lójú ẹsẹ̀, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè. Ojú kékeré kan tún wà níbi 6, òun ló ń ka ìṣẹ́jú títí dé 30. Aago náà kò sì lo bátìrì o. Bí o ṣe ń ju ọwọ́ rẹ tí o ń rìn ló fi ń fún ara rẹ̀ lágbára.

Ọdún 1969 ni Seiko gbé irú rẹ̀ jáde, ó wà lára àwọn chronograph àkọ́kọ́ láyé tó ń fún ara rẹ̀ lágbára báyẹn. Olójú yẹ́lò irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ William Pogue, ará Amẹ́ríkà, nígbà tó lọ gbé ojú sánmà fún ọjọ́ 84 nínú Skylab, láti oṣù kọkànlá ọdún 1973 sí oṣù kejì ọdún 1974. Ẹ fi "olójú yẹ́lò" yẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ íńtá-háòsì, Bàbá á dúró síbi tí wọ́n ń parí eré, àtàǹpàkò rẹ̀ á wà lórí bọ́tìnnì òkè. Kì í dúró de ìró ìbọn. Èéfín rẹ̀ ló ń wò. Ó ní kí ìró tó rin 100 mítà dé etí òun, ọmọ tó ń sáré ti jáde lójú ìlà. "Ojú yára ju etí lọ," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Ọdún kan wà tí àbúrò sáré 100 mítà fún ilé tiwọn. Ó ṣe ipò kejì, ìyàtọ̀ kò sì tó nǹkan. Ó bá lọ bẹ Bàbá pé kó bá òun dín in kù díẹ̀, ṣebí òun ló di aago mú. Bàbá gbé aago sí i lójú. Ó ní, "Wò ó fúnra rẹ. Aago yìí kì í parọ́." Àbúrò wò ó, ó kà á, ó sì gbà. Kò sunkún. Bàbá wá sọ ọ̀rọ̀ kan níwájú àwa méjèèjì: "Ọjọ́ tí mo bá lọ, ìwọ ni kí o mú aago yìí. O gbà fún un nígbà tí kò gbè ọ́."

Àwa méjèèjì la gbọ́ ọ o. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Aago kejì ńkọ́? Ọdún 1983 ni, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ, tí ọ̀pọ̀ ará Gánà ń di ẹrù wọn. Tíṣà ará Gánà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá ń wá owó ọkọ̀ fún ìyàwó àti ọmọ. Ó ní irú Seiko yẹn gan-an, olójú yẹ́lò. Bàbá rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá wa ní Bàbá kò nílò aago kejì rárá, ó kàn fẹ́ fún un lówó láì jẹ́ kó dà bí ìtọrẹ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe méjèèjì ní Táíwò àti Kẹ́hìndé.

Bàbá kú ní ọdún 2014. Lọ́jọ́ tí ẹbí jókòó pín nǹkan, ẹ̀gbọ́n mú olójú búlúù. Wọ́n bi í pé ṣé Bàbá sọ nǹkan kan nípa aago. Ó ní Bàbá kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Lóòótọ́, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò ń wò ó lẹ́nu, kò sọ̀rọ̀, ó mú olójú yẹ́lò lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọjà aago á sọ pé àbúrò ló jèrè, torí olójú yẹ́lò làwọn èèyàn ń wá kiri káyé nítorí ti Pogue. Àmọ́ ta ló ń sọ̀rọ̀ owó? Olójú búlúù ni Bàbá fi ka eré rẹ̀.

Ní ọdún 2018, ẹ̀gbọ́n gbé aago náà wọ omi ìrìbọmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èèyàn 19 la rì bọmi lọ́jọ́ náà, aago sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó fi ọkàn tán ni pé wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn aago náà pé omi kì í wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni kì í jẹ́ kí omi wọlé, rọ́bà sì ti lo ọdún 40 ó lé, ó ti gan paali. Lálẹ́ ọjọ́ náà, omi ti ṣe kúrukùru lábẹ́ gíláàsì. Dípò kó gbé e lọ sọ́dọ̀ aláago lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n fi aṣọ nù ún, ó sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ojú tì í. Aago náà wà níbẹ̀ títí tó fi dákẹ́.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ọ̀kadà gbá àbúrò ṣubú. Ọlọ́run yọ ọ́, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nìkan ló bó. Aago ló gba ìyókù: gíláàsì fọ́, ó fa ojú aago ya, àwọn ọwọ́ sì tẹ̀ kọrọdọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e sétí, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ tó ń lù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kú.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe rí. Ọ̀kan ní ojú, ó ní ọwọ́, kò lẹ́mìí. Èkejì lẹ́mìí, kò lójú, kò lọ́wọ́. Ọmọ ìyá méjì ló sì ni wọ́n, tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Torí nígbà tó yá, a ò sọ̀rọ̀ mọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò rí i pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ṣófo, ó bi í léèrè níwájú àwọn èèyàn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, aago Bàbá dà?" Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó wà nílé." Irọ́ kọ́ nìyẹn, àbí? Inú dúrọ́ọ̀ nílé ló wà. Ṣùgbọ́n àbúrò gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n ti tà á. Láti ọjọ́ náà lọ, fún ọdún mẹ́ta gbáko, Màmá la fi ń ránṣẹ́ síra wa. Ẹ̀gbọ́n sì ń gun pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi o, ó ń wàásù ìdáríjì, ẹ̀yin náà sì ń ké Àmín. Ẹ forí jì wá.

Ẹ̀gbọ́n gbìyànjú láti tún aago náà ṣe níkọ̀kọ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Onítọ̀hún ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni: òun á yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, òun á fi ti bátìrì sí i. Ẹ̀gbọ́n bi í pé àwọn bọ́tìnnì ńkọ́? Ó ní wọ́n á wà níbẹ̀ fún ẹwà. Ó tún ní òun máa gé àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké tó wà lẹ́yìn ojú aago, torí wọn ò ní bá ihò ẹ́ńjìnnì tuntun mu, òun á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n gba aago rẹ̀, ó sá jáde. Ìyẹn nìkan ló ṣe dáadáa nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà ló ra chronograph mìíràn tó ti fọ́, ti Switzerland, lọ́wọ́ ẹnì kan, pé wọ́n á lè yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sínú ti Bàbá. Ṣebí chronograph ni chronograph. Ó gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ bàbá aláago kan ní Dùgbẹ̀, àgbàlagbà tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà kí a tó bí wa. Bàbá yìí fi awò olójú kan sójú, ó wò wọ́n, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Pásítọ̀, ẹ wò ó. Valjoux 7750 lèyí. Ẹ́ńjìnnì gidi ni, kò sí ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kéékèèké mẹ́ta ló ní, ní 12, ní 6, ní 9. Ojú aago bàbá yín, ihò ọwọ́ kékeré kan ṣoṣo ló ní, ní 6. Níbo lẹ fẹ́ kí méjì tó kù gbà yọ? Ó fẹ̀ tó 30 mìlímítà, ó nípọn tó 7.9. Ilé ẹlòmíì ni wọ́n kọ́ ọ fún. Bọ́tìnnì inú ilé yìí kò sì ní kan ibi tó yẹ kó kàn lára rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé wọn ò lè mú ọwọ́ aago lásán kan kí wọ́n fi sí 7750 yẹn, kó ṣáà ṣe nǹkan kan. Bàbá aláago tún rẹ́rìn-ín. Ó ní ihò ọwọ́ wákàtí 7750 jẹ́ 2.00 mìlímítà, ti ìṣẹ́jú jẹ́ 1.20. Aago lásán tó ní ẹ́ńjìnnì ETA 2824, tó pọ̀ nígboro, 1.50 àti 0.90 ni tirẹ̀. "Tí ihò bá kéré jù, kò ní wọlé. Tí ó bá tóbi jù, á máa mì, á sì já bọ́ lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ aago kò ní nọ́ọ̀tì, kò ní gọ́ọ̀mù. Bó ṣe fún mọ́ ọ̀pá rẹ̀ nìkan ló gbé e dúró."

Ó wá yí aago Bàbá síhìn-ín, ó fi ìka hàn án níbi nọ́ḿbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀: 6139-6002. "Nọ́ḿbà mẹ́rin àkọ́kọ́, orúkọ ìdílé ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, orúkọ ilé tó ń gbé. Tí ẹ bá fẹ́ kó tún mí, ẹ wá ọmọ ìdílé 6139 mìíràn fún mi. Kò sí ohun mìíràn tó máa ṣe é. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ní irú rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mọ ẹni tó ní irú rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, kò lè dáhùn.

Ọ̀dọ̀ Màmá ló gbà lọ lọ́jọ́ náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀: omi, dúrọ́ọ̀, àti ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ lọ́jọ́ eré. Màmá gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Ṣé èmi lo gba aago lọ́wọ́ mi ni? Kí lo ń sọ fún mi fún?" Wọ́n dìde lọ tan iná sí ìkòkò. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pe àbúrò lórí fóònù: "Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, gbé Kẹ́hìndé, kí o bá ẹ̀gbọ́n rẹ ní Dùgbẹ̀." Wọn ò ṣàlàyé. Ta ló fẹ́ bi Màmá léèrè?

Bí a ṣe pàdé nídìí tábìlì aláago nìyẹn, lórí àpótí kan náà, ejìká ń kan ejìká, ẹnu ń kọ́ ẹnu. Bàbá aláago ṣí ìdérí ẹ̀yìn olójú búlúù. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìdè kéékèèké ti dípẹtà, sípíríǹgì ti pupa bí ilẹ̀ Ìbàdàn.

Àgbà náà kò mọ ìtàn wa. Ó kàn béèrè bí oníṣẹ́ ṣe ń béèrè ni. "Ta ló gbé èyí wọ omi?"

Ilẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n lè sọ pé òjò ni. Ó lè sọ pé òun ò mọ̀. Àbúrò ti yí ojú sí i.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Èmi ni. Níbi ìrìbọmi ni. Mi ò tà á, mo bà á jẹ́ ni, ojú sì tì mí láti sọ." Ó mí kanlẹ̀. "Aago yìí kì í sì í ṣe tèmi. Ìwọ ni Bàbá fún. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà bí ìwọ náà ṣe gbọ́ ọ, mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

Àbúrò dìde, ó jáde. A ti máa ń bi ara wa láti ìgbà náà pé kí ló lọ ṣe. Ó ní òun kàn lọ wo ọkọ̀ tó ń kọjá ni. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó padà. Ó tú olójú yẹ́lò nínú áńkáṣífù, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Bàbá, ẹ tú u. Ẹ fi ẹ̀mí rẹ̀ sínú ti Bàbá wa."

Ẹ̀yin ará, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé tirẹ̀ á di òkú aago kí ti èkejì tó lè jí. Kò tíì sí ẹni tó sọ fún un pé òun ló máa mú un lọ sílé.

Bàbá aláago ka nọ́ḿbà ẹ̀yìn rẹ̀: 6139-6002. Ìdílé kan náà, irú ilé kan náà. Ó tún fi bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ìbí wọn hàn wá. Nínú nọ́ḿbà gígùn tó wà níbẹ̀, àkọ́kọ́ ni ọdún, ìkejì ni oṣù. 4N ló bẹ̀rẹ̀ ti Bàbá: oṣù kọkànlá ọdún 1974. Ó bá owó Údójì mu. 76 ló bẹ̀rẹ̀ ti tíṣà ará Gánà: oṣù kẹfà ọdún 1977. Táíwò àti Kẹ́hìndé tí Màmá ń pè wọ́n, ọdún méjì àbọ̀ ló wà láàárín wọn. A rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a jọ rẹ́rìn-ín láti ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá fi tú ẹ́ńjìnnì yẹ́lò palẹ̀, tó fọ̀ ọ́, tó sì kán òróró sí i níbi tó yẹ. Ó yọ àwọn ọwọ́ ti búlúù, ó tẹ́ náílọ́ọ̀nù sójú aago kó má bàa ha, ó fi irin pẹlẹbẹ méjì gbé wọn sókè lọ́tùn-ún lósì, díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọwọ́ gígùn tín-ín-rín yẹn ló le yọ jù, torí wọ́n máa ń fún un mọ́lẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ó ṣí ojú búlúù kúrò lórí ẹ́ńjìnnì tó dípẹtà, ó gbé e sórí ti yẹ́lò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọ ihò wọn bí ẹni wọ bàtà ara rẹ̀. Àmì omi kékeré kan ṣì wà lójú rẹ̀ níbi 4. Bàbá ní òun lè gbìyànjú láti nù ún, ṣùgbọ́n ọ̀dà ojú lè bá a lọ. A ní kó fi í sílẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pè wá lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé ọwọ́ lé e, torí a ti bẹ̀ ẹ́ pé a fẹ́ wò ó.

Ó kọ́kọ́ yí aago lọ síwájú títí déètì fi yí padà. Ó ní ọ̀gànjọ́ òru gan-an nìyẹn lójú aago, ibẹ̀ ni a ti ń gbé ọwọ́ wákàtí àti ti ìṣẹ́jú lé 12, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, déètì á máa yí lọ́sàn-án gangan. Ọwọ́ wákàtí gbọ́dọ̀ kọjá lórí ọwọ́ kékeré tó wà ní 6 láì fara kàn án. Ọwọ́ ìṣẹ́jú gbọ́dọ̀ kọjá lórí ti wákàtí. Ọwọ́ gígùn gbọ́dọ̀ kọjá lórí gbogbo wọn, kó má sì kan gíláàsì. Àyè gbogbo rẹ̀ kò ju bébà díẹ̀ tí a kó léra wọn lọ.

Ó wá kan ọwọ́ gígùn. Bàbá gbé e lé 12, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó fi igi tín-ín-rín ti irin tí bọ́tìnnì òkè máa ń tì, ọwọ́ sáré. Ó dá a dúró, ó ti ti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ fò padà, ṣùgbọ́n kò dúró lórí 12. Ó kọjá rẹ̀ díẹ̀. Ó tún un ṣe, ó tún kọjá sí i.

Ó yọ ọ́, ó sì ní ká wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Irin kékeré kan wà lábẹ́ níbẹ̀, lára ọ̀pá tí ọwọ́ náà jókòó lé. Tí ẹ bá rí i, ẹ̀ẹ́ pariwo: wọ́n gé e bí àwòrán ọkàn gẹ́lẹ́, bí èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Tí a bá tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, òòlù kékeré kan á lu ọkàn yẹn. Ibi yòówù kí ọwọ́ ti dé, ìbáà jẹ́ 5, ìbáà jẹ́ 55, bí òòlù bá ti lù ú, ọkàn á yọ̀ lọ títí á fi jókòó síbi tó rẹlẹ̀ jù lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni òdo. Ọ̀pọ̀ chronograph, ti Japan àti ti Switzerland, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò.

"Ọkàn padà," bàbá ní. "Ọwọ́ ni kò tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo ń yọ ọ́ lára ti àkọ́kọ́, ihò rẹ̀ ti là díẹ̀. Òòlù ń lu ọkàn, ọwọ́ ń yọ̀ lórí ọ̀pá."

Ó fi irinṣẹ́ kan fún ihò ọwọ́ náà pa pọ̀, díẹ̀ bí ẹ̀mí. Ó wá wò wá. Ó ní kí ẹnì kan bá òun fi igi ti irin ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, kí òòlù wà lórí ọkàn, kó má ṣe kúrò. "Ìgbà tí ọkàn bá ti dé ilé, tó sì dúró síbẹ̀, la tó ń gbé ọwọ́ lé e. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e nígbà tí ọkàn ṣì wà lọ́nà, ẹ̀ẹ́ rò pé orí 12 lẹ gbé e sí. Ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì lẹ tó máa mọ̀."

Àbúrò di igi mú. Ẹ̀gbọ́n di iná tọ́ọ̀ṣì fóònù mú. Bàbá aláago gbé ọwọ́ lé e, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Àbúrò tẹ̀ ẹ́. Ó sáré, ó dúró, ó padà. Orí 12. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Orí 12. Ìgbà 20 ló tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n ń kà á sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìgbà 20, orí 12. Ẹ́ńjìnnì ń lù lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 21,600 ní wákàtí kan. A ń gbọ́ ọ. Nígbà tí bàbá dé e sínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tuntun, ẹ̀gbọ́n gbé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí àbúrò. Ó ní, "Gba aago rẹ." Àbúrò ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin ni wá, a ò mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Àwọn egungun tó ṣẹ́ kù, ilé olójú yẹ́lò àti ẹ́ńjìnnì tó dípẹtà, bàbá kó wọn pọ̀ síbì kan. Ẹ̀gbọ́n ní òun ló máa mú wọn. Ìyẹn ni aago tí kò ní ọwọ́ tí ẹ ń rí lórí tábìlì. Ẹ má bá wa fi ọwọ́ sí i. Ọkàn inú rẹ̀ ti dípẹtà mọ́ ojú kan, kò lè padà mọ́. Pásítọ̀ yín ń fẹ́ máa rí i kó tó gun pẹpẹ.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọbìnrin àbúrò sáré 100 mítà ní ilé ìwé wọn. Bàbá rẹ̀ dúró síbi ìparí, àtàǹpàkò wà lórí bọ́tìnnì òkè, ojú wà lára èéfín ìbọn. Ọmọ ṣe ipò kẹta. Ó sáré wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Dádì, ẹ bá mi dín in kù díẹ̀." A wo ojú ara wa. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un.

Ẹ̀yin èèyàn wa, a ò ní fi èyí ṣe ìwàásù gígùn. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ mú lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ sí aago nígbà tí ọkàn kò tíì padà sílé. Ẹ ra aṣọ fún un, ẹ fi owó ránṣẹ́ sí i, ẹ kí i "ẹ kú ọdún", ẹ sì rò pé ó ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ fi bátìrì sí aago bàbá wa kí bọ́tìnnì wà fún ẹwà. Ẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ ohun tí ẹ ṣe, fún ẹni tí ẹ ṣe é sí, kì í ṣe fún ìyá rẹ̀. Àmì omi lè ṣẹ́ kù síbi 4. Kò burú. Aago á ṣì máa ka àkókò.

Kí Olúwa dá ọkàn wa padà sílé. Kó má jẹ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni nínú wa títí ohun tó yẹ kó yè á fi dípẹtà sínú dúrọ́ọ̀. Ní orúkọ Jésù.

Ẹ má kàn kọ Àmín sísàlẹ̀ kí ẹ sì máa lọ o. Ẹ gbé fóònù, ẹ pe ẹni náà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ padà wá kọ Àmín yín.